Koríko Ló Ń Bá Imú Mi Jà, Kì í Ṣe Ikọ́ Fée

Ẹ̀yin tí imú yín ń dà bí omi ẹ̀rọ bí ẹ ṣe ń ka èyí, tí ojú yín pọ́n bí ojú ẹni tó fi ọwọ́ ata nu ojú, tí àwọn ará ilé sì ti ń sún sẹ́yìn fún yín, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ sún mọ́ mi. Èmi kò ní sún sẹ́yìn. Àìsàn yìí fi ojú mi rí nǹkan, ṣùgbọ́n kò tó ìdajì ohun tí ẹnu àwọn tí ara wọn le fi ojú mi rí. Ìdí nìyẹn tí inú fi ń bí mi di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Bí ẹ bá rí ibi tí bírò ti fẹ́ ya bébà, ibẹ̀ ni inú ti bí mi jù.

Mi ò kàwé púpọ̀. Ìwé kẹrin ni bàbá mi ti yọ mí kúrò níléèwé ní Ṣakí, ó ní èyí tí mo kà yẹn tó láti fi ka nọ́ńbà ara mọ́tò. Nítorí náà, ẹ má retí ọ̀rọ̀ dókítà lẹ́nu mi. Ohun tí ojú mi rí ni màá sọ. Bí mo bá fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, ẹ jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọbẹ̀ tí kò níyọ̀, ta ni yóò jẹ ẹ́ tán?

Agbówó ni mò ń gbé, lódìkejì títì sí yunifásítì. Iṣẹ́ fọkanáísà ni iṣẹ́ mi, mò ń lẹ táyà, mò ń fẹ́ ẹ. Ẹ̀yìn ilé tí a háyà, ilẹ̀ gbalasa kan wà níbẹ̀ tí ẹni tó rà á kò tíì rówó kọ́lé sí. Koríko ló gba gbogbo rẹ̀, eéran àti eèsún, ó ga dé àyà àgbàlagbà. Kò sẹ́ni tó kà á sí. Koríko ṣáà ni.

Nígbà tí àwọn sọ́jà ṣẹ̀ṣẹ̀ padà gorí ìjọba, tí wọ́n ń fi kóbókò to ènìyàn sí láìnì káàkiri ìgboro, ni nǹkan yìí bẹ̀rẹ̀. Òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀, ọyẹ́ kò tíì dé. Àjà ẹnu mi ló kọ́kọ́ ń yún mi, níbi tí ọwọ́ kò lè dé. Mò ń fi ahọ́n họ ọ́ láti àárọ̀ dalẹ́, ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà mi rò pé òun ni mò ń yọ ṣùtì sí. Láti àjà ẹnu, ó bọ́ sínú etí, ó bọ́ sí ojú, ó wá fi imú ṣe ilé. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í sín.

Ẹ̀yin ará, mo sín. Àwọn kan ń sín bí ológbò, tèmi kò rí bẹ́ẹ̀. Mo sín lọ́jọ́ kan tí mo di táyà takisí kan mú, fáàfù rẹ̀ fò jáde, ó lọ bà sórí páànù ilé kejì. Mo sín lọ́jọ́ mìíràn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà nínú ọgbà yunifásítì sáré wọlé, wọ́n rò pé àwọn ọlọ́pàá tún ti yin tíágáàsì. Adìẹ kan ní ilé tó kángun sí wa wà lórí ẹyin rẹ̀ nígbà tí mo sín, ó dìde, ó fi ẹyin sílẹ̀, kò sì padà síbẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mò ń pa, kí ó lọ bi adìẹ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti pa á jẹ. Lásìkò tí ẹ̀rọ omi Agbówó kò ṣe é gbọ́kàn lé, imú tèmi kò gbẹ rí.

Mo lọ bá ọkùnrin kan tó ń ta òògùn ní Òjòó, nítòsí gáréèjì. Kò bi mí ní ìbéèrè kankan. Ó bu hóró pupa, ó bu funfun, ó bu aláwọ̀ ewé, ó dà wọ́n papọ̀ sínú bébà, ó ní kí n lò ó láàárọ̀ àti lálẹ́. Èyí tí mo lò láàárọ̀ ló gbé mi sùn lórí táyà ní ọ̀sán gangan. Nígbà tí mo jí, jáàkì mi ti lọ. Imú mi nìkan ni kò sùn, ó ṣì ń dà. Mo bínú sí ọkùnrin yẹn, mo ṣì ń bínú sí i. Ẹni tó bá fún yín lóògùn láìbi yín léèrè, táyà tí kò jò ló ń lẹ̀.

Ìyàwó mi, Ìyá Sílífá, náà kò jókòó. Ó fi róòbù pa mí níhò imú títí mo fi ń ta bí ẹní gbé iná mì. Ó da búláńkẹ́ẹ̀tì bò mí lórí ìkòkò àgbo gbígbóná, mo làágùn bí ẹni tó wà nínú ìkòkò ẹ̀bà. Ìyá rẹ̀ fi aáṣáà ránṣẹ́ láti Ṣakí, ó ní kí n fín in símú, kí aáṣáà lé èyí tó wà níbẹ̀ jáde. Mo fín in. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, mi ò ní kọ ọ́, nítorí àwọn ọmọdé lè ka ìwé yìí.

Nígbà tí ọyẹ́ mú dáadáa, tí wọ́n sun koríko ẹ̀yìn ilé, ó lọ. Gbogbo wa dúpẹ́. Aáṣáà ló gba ìyìn. Ṣùgbọ́n lọ́dún tó tẹ̀ lé e, lásìkò kan náà, ó tún dé, ó sì bá ẹ̀gbọ́n mi tó wá kí wa nílé wa.

Ẹ̀gbọ́n mi, Alhájì, ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Ring Road. Ó lówó lọ́wọ́, òun sì ni olórí ẹbí wa ní Ìbàdàn. Ó jókòó, ó wo bí mo ṣe ń sín, tí omi ń bọ́ lójú mi, ó wá mi orí.

Ó ní, "Làmídì, ikọ́ fée nìyí."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ikọ́ ọ̀hún dà? Mi ò wúkọ́."

Ó ní, "Ó ń bọ̀ lọ́nà."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dájọ́ mi o, ẹ̀yin èèyàn mi. Láti ọjọ́ yẹn, wọ́n yà mí sọ́tọ̀ nínú ilé tí èmi fúnra mi ń san owó rẹ̀. Abọ́ mi lọ́tọ̀. Ẹní mi lọ́tọ̀. Aṣọ mi, wọ́n ń fọ̀ ọ́ nínú báàfù tirẹ̀. Okùn tí gbogbo ayálégbé ń sá aṣọ sí níwájú ilé, wọ́n ní tèmi kò gbọdọ̀ kàn án, kí n má baà kó o ran ẹlòmíràn. Ìyá Sílífá bá ń kó tèmi lọ sẹ́yìn ilé, ó ń tẹ́ ẹ sórí koríko, kí oòrùn pa á dáadáa. Kì í ṣe èèyàn búburú. Ó ń fọ̀ ọ́ mọ́, ó ń ká a dáadáa, ó ń gbé e fún mi pẹ̀lú omijé lójú. Èmi náà ń wọ̀ ọ́, mo sì ń sín ju ti èṣí lọ. Tí Alhájì bá tún wá, tí mo sì sín, á wo Ìyá Sílífá, Ìyá Sílífá á wo ilẹ̀. Ó wá dà bí ẹni pé ẹ̀gbọ́n mi jàre.

Ọdún yẹn gan-an ni ọkọ wá fẹ́ Sílífá. Àkọ́bí mi ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọ kékeré níléèwé kan ní Bódìjà. Múfútáù lorúkọ ọmọkùnrin náà, Challenge ni àwọn òbí rẹ̀ ń gbé. Ọmọ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n ẹ mọ àṣà wa, a kì í déédéé gbé ìyàwó. Wọ́n á kọ́kọ́ ṣe ìwádìí: ṣé kò sí wárápá nílé ibẹ̀, ṣé kò sí ẹ̀tẹ̀, ṣé kò sí wèrè, ṣé kò sí ikọ́ fée. Ẹni tó sì ń ṣe ìwádìí kì í sọ pé ìwádìí lòun wá ṣe.

Lọ́jọ́ náà mo wẹ̀, mo wọ bùbá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ká wá láti ẹ̀yìn ilé, mo jókòó síwájú ìta. Ìyá àgbàlagbà kan dé, ó ní òun ń wá yàrá tí wọ́n fẹ́ fi háyà. Mo fẹ́ dá a lóhùn, sísín gbà mí lẹ́nu. Mo sín, mo sín, mo fa aṣọ ìnujú yọ láti fi nu imú, nígbà tí mo nu ún tán, ó tún burú sí i. Ìyá náà fi ìborùn bo imú rẹ̀, ó kí mi pé ó dàbọ̀, kò sì bèèrè yàrá mọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá Múfútáù ni.

Kò pẹ́ tí Sílífá fi ti iléèwé dé, tí kò jẹun. Múfútáù ti sọ fún un pé àwọn ará ilé òun ní bàbá Sílífá ní ikọ́ fée, pé kí òun lọ wá ibòmíràn. Ọmọkùnrin náà ní òun kò lọ ibì kankan, ṣùgbọ́n bàbá tirẹ̀ ní òun kò ní bá wọn dé ìdí ọ̀rọ̀ náà àyàfi tí òun bá rí ẹbí ìyàwó sójú. Ni Alhájì bá gbé ọgbọ́n rẹ̀ dé.

Ó ní, "Èmi ni màá jókòó bíi bàbá lọ́jọ́ mọ̀mí-n-mọ̀ọ́. Ilé mi la ó ti ṣe é. A ó ní ìwọ ti lọ sí Mẹ́kà."

Mo ní, "Mẹ́kà wo? Èmi tí mi ò tíì dé Sókótó rí?"

Ó ní, "Ṣé wọ́n fẹ́ yẹ pásípọ́ọ̀tù rẹ wò ni?"

Mo yíjú sí Ìyá Sílífá pé kí ó gbà mí. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi ní, "Bàbá Sílífá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí rí ilé ọkọ lọ ná." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju gbogbo àgbo tó ti dà lé mi lórí. Èmi tí mo bí ọmọ, tí mo fi táyà lílẹ̀ rán an níléèwé, n kò ní jókòó níbi tí wọ́n ti ń bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bí i. Kí ló fà á? Imú. Inú bí mi, mi ò lè jẹun mọ́. Mo ní tó bá jẹ́ ikọ́ fée ni, kí dókítà sọ ọ́ fún mi lójú, kì í ṣe oníṣòwò Ring Road.

Mo ta kẹ̀kẹ́ ológeere mi, mo gba ọ̀nà ilé ìwòsàn ìjọba kan lápá Jericho. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni láìnì ti yí ilé náà ká. Nọ́ọ̀sì ń pariwo, ọmọdé ń ké, ọ̀kan nínú àwọn tó ń to ènìyàn ń júwe ibi tí a ó jókòó sí bí ẹni ń to búlọ́ọ̀kù. Mo jókòó sí ìdí láìnì pátápátá. Mo sín. Ẹni tó wà níwájú mi dìde, ó lọ jókòó sókèèrè. Mo tún sín, àwọn mẹ́ta míì dìde. Bí mo ṣe ń sín ni mò ń sún síwájú, títí mo fi bá ara mi lẹ́nu ọ̀nà dókítà. Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé ni mo tó rẹ́rìn-ín. Níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ó ṣe mí bí ẹni pé kí ilẹ̀ lanu.

Wọ́n yàwòrán àyà mi, wọ́n ní kí n tutọ́ sínú ìgò, wọ́n ní kí n padà wá. Nígbà tí mo padà dé, dókítà náà, obìnrin tí kò dàgbà ju àkọ́bí mi lọ, gbé fọ́tò àyà mi sókè síbi iná.

Ó ní, "Bàbá, àyà yín mọ́. Kò sí ikọ́ fée níbí."

Mo ní kí ó tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo ní kí ó sọ ọ́ sókè kí àwọn tó wà níta gbọ́, ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí léèrè, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó bi mí léèrè láti ìgbà tí nǹkan yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ìgbà wo ló ń dé? Ìgbà wo ló ń lọ? Ṣé ó ń yún mi lójú? Kí ló wà lẹ́yìn fèrèsé mi? Mo ní koríko ni. Ó ní ṣé ó ti yọ òdòdó? Mo ní ó ti yọ.

Ó ní bí koríko bá yọ òdòdó, ó máa ń tú nǹkan kan bí àtíkè sínú afẹ́fẹ́, ojú kò lè rí i. Tó bá wọ imú ẹlòmíràn, kò ṣe é ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ara àwọn kan dà bí ajá tó ń gbó àlejò tí kò jí nǹkan, tí gbogbo ilé á sì torí rẹ̀ jí. Omi tó ń dà nímú mi, ajá yẹn ló ń gbó. Ó ní àwọn òyìnbó ń pè é ní ibà koríko. Mo ní ṣùgbọ́n ara mi kò gbóná. Ó ní àwọn ni wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, kì í ṣe òun. Ó ní kì í ran ẹlòmíràn, kì í sì í pani bí ẹnu ṣe ń pani.

Ó wá béèrè pé, "Bàbá, níbo lẹ ti ń sá aṣọ?"

Mo ní, "Orí koríko ẹ̀yìn ilé ni wọ́n ń tẹ́ tèmi sí."

Ó gbé bírò sílẹ̀. "Tiyín nìkan?"

"Tèmi nìkan. Wọ́n ní kí n má kó àrùn ran okùn."

"Àti aṣọ ìnujú tí ẹ fi ń nu imú?"

Ìgbà yẹn ló yé mi. Àtíkè òdòdó yẹn ni wọ́n ń ká sínú aṣọ fún mi lójoojúmọ́. Òun ni mò ń wọ̀, òun ni mò ń gbé orí lé sùn, òun ni mo fi ń nu imú tí òun fúnra rẹ̀ ń bà jẹ́. Tó bá jẹ́ pé wọ́n jẹ́ kí aṣọ mi wà lórí okùn pẹ̀lú ti àwọn èèyàn, ìyá àgbàlagbà ọjọ́ yẹn ì bá má bá mi bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù àìsàn tí kò ṣe mí ni wọ́n fi ń fún mi ní èyí tó ń ṣe mí jẹ.

Mo ti Jericho dé Agbówó, mi ò rántí mọ́tò tí mo wọ̀. Ẹ̀yìn ilé ni mo gbà lọ tààrà, mo gbá aṣọ mi jọ lórí koríko, mo lọ kọ́ gbogbo rẹ̀ sórí okùn níwájú ilé, lójú àwọn ayálégbé. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ sọ, kí ó bọ́ síta. Kò sẹ́ni tó bọ́ síta. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún Ìyá Sílífá, ó jókòó sílẹ̀, ó fi ọwọ́ bo ojú. Mi ò bú u. Mo háyà àwọn tó ń ṣánko, èmi kò dúró tì wọ́n, dókítà ti ní mi ò gbọdọ̀ dúró tì í. Lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan ní Bódìjà ni mo sùn títí wọ́n fi kó koríko náà kúrò. Mò ń fi omi iyọ̀ tí wọ́n sè tó sì ti tutù fọ imú, mò ń lo hóró òògùn tí dókítà kọ, tí kò gbé mi sùn lórí táyà. Ó ń lọ sílẹ̀, díẹ̀díẹ̀.

Ẹ rò pé Alhájì gbà? Ó ní ọmọdé ni dókítà yẹn. Ó ní koríko tí màlúù ń jẹ, òun ló ń ṣe ọkùnrin bíi tèmi? Ó ní àwọn ti sọ fún àwọn àna pé mo wà ní Mẹ́kà, pé kí n má ba ọ̀rọ̀ jẹ́.

Lọ́jọ́ mọ̀mí-n-mọ̀ọ́, mo wọ agbádá mi, orí okùn ló ti gbẹ, mo gba Ring Road lọ. Pálọ̀ ẹ̀gbọ́n mi kún. Òun fúnra rẹ̀ wà lórí àga ńlá, ó fẹ̀ bí ẹni tó bí gbogbo ìlú. Mo kí wọn, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn àna béèrè ta ni mí. Alhájì ní, "Àbúrò wa kan ni, láti ilé." Mo gbé e mì. Mo fẹ́ mọ ibi tí yóò dé.

Wọ́n pe Sílífá jáde. Wọ́n ní kí ó lọ kúnlẹ̀ fún bàbá rẹ̀ kí ó ṣàdúà fún un. Ọmọ náà dúró díẹ̀. Ó wo àga ńlá. Ó kọjá lára rẹ̀, ó wá sí ẹnu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀ níwájú mi.

Ó ní, "Bàbá mi nìyí."

Ìyá tó ń wá yàrá ọjọ́sí nàka sí mi. "Ṣé kì í ṣe ẹni tó ń wúkọ́ nìyí?"

Mo ní, "Mo sín ni, màmá, mi ò wúkọ́. Ẹ wo ikùn yìí." Mo ká agbádá sókè. "Ikọ́ fée wo ló ń jẹ́ kí ikùn yọ báyìí?" Àwọn ọ̀dọ́ rẹ́rìn-ín. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, koríko, òdòdó, aṣọ.

Ṣùgbọ́n bàbá Múfútáù kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Kì í ṣe imú yín ló ń dùn wá. Wọ́n ní Mẹ́kà lẹ wà. Ẹni tó lè fi bàbá ọmọ pamọ́, kí ló tún kù tí ò ní fi pamọ́?" Ó ti ń dìde. Mo gbọ́ tí Sílífá fa èémí.

Mo ní, "Ohun tó ń bí yín nínú yẹn náà ló ń bí mi. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má gba tèmi. Ẹ mú ilé ìwòsàn tó bá wù yín, ẹ bá mi lọ, kí wọ́n sọ ọ́ sí yín létí."

Ó jókòó padà. Ó sì bá mi lọ lóòótọ́, sí ibi tí òun fúnra rẹ̀ yàn, ó jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì, kò sún sẹ́yìn. Ohun tí dókítà Jericho sọ ni wọ́n sọ níbẹ̀. Kí ọdún yẹn tó parí, wọ́n ti so yìgì Sílífá, orúkọ mi sì ni wọ́n pè gẹ́gẹ́ bíi bàbá rẹ̀. Alhájì kò tíì bẹ̀ mí títí di òní. A ń kí ara wa lọ́jọ́ ọdún. Ó tán.

Bí mo ṣe wà báyìí nìyí. Àìsàn yìí kò lọ tán, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín jẹ. Lọ́dọọdún, bí òjò bá fẹ́ parí, ó ń kan ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n mo ti mọ ìgbà tó ń bọ̀. Kí koríko tó yọ òdòdó ni mo ti ń wá ẹni ṣá a. Mò ń ti fèrèsé láàárọ̀ nígbà tí afẹ́fẹ́ ń gbé e kiri, Ìyá Sílífá ń wọ́n omi kí ó tó gbálẹ̀, mò ń fọ ojú àti imú tí mo bá tìta dé. Mò ń sín. Ilé kò wó.

Obìnrin kan wá lẹ táyà lọ́dọ̀ mi láìpẹ́, ó ń sín, ó sọ fún mi pé ìyá ọkọ òun ti yọ abọ́ òun sọ́tọ̀. Ìdí tí mo fi mú bírò nìyẹn. Bí ikọ́ bá ń ṣe yín fún ìgbà pípẹ́, ẹ lọ yẹ ara yín wò, ẹ má tìjú. Bí ó bá sì jẹ́ ikọ́ fée lóòótọ́, òògùn rẹ̀ wà, kì í ṣe èpè. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹni tí kò yẹ yín wò dájọ́ yín, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín jókòó sórí àga yín. Bí wọ́n bá ń bèèrè ọmọ yín, ẹ lọ jókòó síbi tí bàbá ń jókòó, síbi tí ìyá ń jókòó. Tí sísín bá gbé yín, ẹ sín níbẹ̀.